Ẹni Tó Ń Tan Iná Náà Ń Lùlù

Ọba Kò So tí Dúró Ládiípọ̀ gbé jáde l'Óṣogbo ní 1963, títí dòní làwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe é. Orin wọn ń dùn. Iná ìtàgé wọn ló ń ká wa lára. Kí Ṣàngó tó yanu, iná pupa ti ń ṣẹ́jú bíi ti ilé ijó. Nígbà tó bá wá yọná lẹ́nu, kí ló kù tá a fẹ́ rí?

Ẹni tí wọ́n pè láàárọ̀ ọjọ́ eré ò lè mọ ibi tí bàtá ti ń yí padà. Ẹ jẹ́ kó jókòó ti onílù níbi ìdánrawò. Tí ìlú bá kẹ̀yìn sí ọba, ẹ rọra dín iná kù, kó ku ẹyọ kan sójú ẹ̀. Òkùnkùn náà mọ ọ̀rọ̀ sọ.