Phillips Oǹdó, Alárinà Ogun Kírìjì

Ọdún 1877 ni Charles Phillips dé ìlú Oǹdó láti ṣe iṣẹ́ ìyìn rere, àmọ́ wàásù nìkan kọ́ ni mo ń kan sáárá sí i fún. Lọ́dún 1886, nígbà tí ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti sú tọmọdé tàgbà, gómìnà Èkó rán òjíṣẹ́ Ọlọ́run Samuel Johnson sí Aláàfin àti Ìbàdàn. Phillips ní tirẹ̀ kọjú sí ibùdó Èkìtìparapọ̀, níbi tí Ògèdèǹgbé, olórí ogun wọn, wà. Wọ́n gbé lẹ́tà lọ, wọ́n gba èsì bọ̀, títí tọ̀tún-tòsì fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ta ní jẹ́ dán an wò láìní sùúrù? Lọ́dún 1893 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Nílé ńkọ́? Ekundayo, ọmọ rẹ̀, tẹ dùùrù ní kàtídírà Marina l'Ékòó títí di 1962. Ẹ̀yin ọmọ Oǹdó, ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fáwọn ọmọ yín.