Atọ́kùn Kọ́ Ni Eégún

Lọ́dún tó kọjá, mo wọ mọ́tò láti Ìbàdàn lọ s'Ékòó nítorí ìwé kan. Òǹkọ̀wé mẹ́ta ló fẹ́ jọ jíròrò fún ìṣẹ́jú 45. Ẹni tó ń darí ètò fi 12 nínú ẹ̀ sọ ìtàn ara ẹ̀. Nígbà tó máa fi kan obìnrin tó ń fi Yorùbá kọ̀wé, òun gan-an tí mo torí ẹ̀ wá, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù. Ìbéèrè wo ló bi í? "Ṣé kì í nira láti máa kọ Yorùbá?" Ó ní kì í nira. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó parí.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ẹni yẹn ni kò yé e, kò sì yé àwọn tó gbé e fún un náà.

Bẹ́ẹ̀, èdè wa ti ṣàlàyé ẹ̀ tipẹ́. Atọ́kùn là ń pe ẹni tó ń darí ètò lórí rédíò, ọ̀dọ̀ eégún la sì ti mú ọ̀rọ̀ náà. Atọ́kùn ló ń tọ́ eégún sọ́nà, tó ń dá èrò dúró kí wọ́n má fara kàn án. Ó mọ eégún, ó mọ ọ̀nà, ó mọ èrò. Àmọ́ òun kọ́ ló wọ ẹ̀kú. Lórí ìtàgé wa báyìí, atọ́kùn ló ń bá eégún du ẹ̀kú.

Ẹ wo ibi ìdána náà. Alága ìjókòó ń ṣojú ẹbí ìyàwó, alága ìdúró ń ṣojú ẹbí ọkọ. Owó la fi ń pè wọ́n, torí a mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Bí bàbá kan bá di máìkì mú tí kò fẹ́ fi sílẹ̀, orin ni alága máa fi gbà á. Bàbá á jó lọ jókòó, kò ní mọ̀ pé wọ́n dá òun dúró. Nínú kọ̀ǹpútà tí mo ń bá ṣiṣẹ́, ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ wà: òun ló ń pín àkókò fún gbogbo iṣẹ́ tó ń lọ, kí ọ̀kan má baà gba gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá ṣe dáadáa nìkan la máa ń rántí ẹ̀.

Èmi náà jẹ̀bi o. Nígbà tí àwa kan ṣètò ìjíròrò ìwé, a sanwó àga, a sanwó sípíkà, a ra mítì-páì. Ọ̀rẹ́ wa tó mọ̀rọ̀ sọ la ní kó "bá wa di máìkì mú". Ọ̀fẹ́ ni. Kò ka ìwé náà, a ò sì lè bá a wí.

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣètò, ẹ kọ owó atọ́kùn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ owó ìpápánu. Kó gbajúmọ̀ tàbí kó mọ àwàdà ṣe nìkan kò tó. Ẹ béèrè: ṣé ó máa ka ìwé náà tán? Ṣé ó lè dá àgbà dúró láì tàbùkù ẹ̀? Ṣé ó lè dákẹ́?

Lẹ́yìn ètò ọjọ́ yẹn, mo bá òǹkọ̀wé náà níbi tó ti ń dúró de mọ́tò. Mo bi í ìdí tí ìyá inú ìwé ẹ̀ kò fi lórúkọ. Ó fi ogún ìṣẹ́jú dá mi lóhùn lórí ìdúró. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́, èmi àti ẹni tó ń ta gúgúrú nìkan la gbọ́ ọ.