Ìwé Yorùbá Lórí Ẹ̀rọ Ìkàwé: Ṣíṣí Kì Í Ṣe Kíkà

Ìbéèrè tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé: bí ẹ̀rọ ìkàwé kò bá gba irú fáìlì tí a tọ́jú ìwé Yorùbá sí, tí a sì yí fáìlì náà padà kí ó lè ṣí, ǹjẹ́ ìwé ọ̀hún ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń kà? Oríkì ni a ó fi ṣe òdiwọ̀n. Òkukù, tí kò jìnnà sí Ìnísà àti Ìkìrun, ni Karin Barber ti ṣe ìwádìí fún ìwé rẹ̀, I Could Speak Until Tomorrow (1991), ìlà-ìlà ni ó sì to oríkì inú rẹ̀.

Kindle kì í ṣí EPUB tí a bá fi wáyà gbé sínú rẹ̀. Láti 2022 ni Amazon ti ń gba EPUB nípa Send to Kindle, tí ó sì ń bá ni yí i padà. Calibre, tí Kovid Goyal bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣíṣí kò nira mọ́.

Àléébù méjì ni ó kù. Èkíní, ojú ewé ni PDF ń tọ́jú, kì í ṣe ìlà ewì. Bí a bá yí i padà, ìlà oríkì lè wọnú ara wọn, a kò sì ní mọ ibi tí apohùn ti dánu dúró. Èkejì, ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ṣe ni a ń lẹ àmì ohùn mọ́ wọn. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ èyí lè gbé àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé àyíká ọ̀rọ̀ yóò fi ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ hàn yàtọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn àròsọ. Nínú oríkì, níbi tí ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀, tí a sì ń fi ohùn dárà, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Nítorí náà, fáìlì tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ tẹ̀ ni kí a yí padà, kì í ṣe PDF. Kí a fi fọ́ǹtì bíi Charis tàbí Gentium sínú rẹ̀, kí a sì fi wé ìwé títẹ̀ ní ìlà-ìlà kí ó tó di ìwé ìdánwò. Kò tọ́ kí a gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nítorí àṣìkọ tí ẹ̀rọ kọ́ ọ.