Aṣọ Ńlá Kọ́ ni Ènìyàn Ńlá

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Wọ́n tún ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Láàrin òwe méjèèjì yìí ni Charles Dickens, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìtàn Great Expectations kalẹ̀ sí. Ọdún 1860 sí 1861 ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Ìtàn ìgbà tí Ọbabìnrin Victoria kò tí ì gorí oyè ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ìgbà Victoria ni ó ń bá wí.

Pip, ọmọ òrukàn tí Joe alágbẹ̀dẹ, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń tọ́, gbọ́ pé ẹnìkan tí òun kò mọ̀ fẹ́ fi owó sọ òun di ọ̀tọ̀kùlú. Ó lọ bá Trabb aránṣọ. Bí Trabb ti rí owó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wárí fún un. Ìwà Pip kò tí ì yí padà. Aṣọ náà pàápàá kò tí ì di rírán. Owó ni Trabb ń kí.

Ẹnìkan ni kò wárí: ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà. Nígbà tí Pip padà wá láti Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ yìí gbé àpò kọ́ ara bí ẹ̀wù àwọ̀lékè, ó ń yan ní títì bí ẹni tí kò mọ ará ìlú rẹ̀ mọ́. Ní tèmi, ibẹ̀ ni ìwé náà ti mú jù. Ẹni tí ń gbá àjákù aṣọ mọ ibi tí ọlá ti ń wá. Nígbà tí ọ̀tá sì fẹ́ pa Pip lóru, ọmọ kan náà ni ó fi ọ̀nà han àwọn tí ó gbà á là.

Ìjà mi pẹ̀lú Dickens wà níbi tí Joe ti wá kí Pip ní Lọ́ńdọ̀nù. Aṣọ òde rẹ̀ kò bá a lára mu, fìlà rẹ̀ kò yé já bọ́, ojú sì ń ti Pip. Òǹkọ̀wé fi fìlà yìí pa wá lẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́ pọ̀ jù. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí Joe fi sùúrù sọ pé aṣọ yìí kò yẹ òun, pé ilé arọ ni ibi tí ó yẹ òun, ni ẹ̀rín korò lẹ́nu mi. Mo kọ́kọ́ ka ẹ̀fẹ̀ náà sí àbùkù. Nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé ẹjọ́ tèmi ni ó ń dá.

Ọwọ́ ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n lé lọ sí Ọsirélíà ni owó aṣọ Pip ti wá. Pip fẹ́ fi aṣọ bo ọkùnrin náà láṣìírí, kò ṣeé ṣe.

Àwa tí ọkùnrin wa, olówó àti tálákà, ń wọ aṣọ méjì tí a kò rán ní Hájì, tí Súrátùl Aʿráàf sì ti júwe aṣọ ìbẹ̀rù Ọlọ́hun fún, kò yẹ kí a tó ka Dickens kí a tó mọ èyí. Ṣùgbọ́n ní Yídì tí ó ń bọ̀, ẹ wo ẹni tí a ó sún fún ní ìlà iwájú, kí ẹ sì wo ohun tí ó wọ̀.