Ata Àdínsílẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, aago mẹ́jọ alẹ́ ti máa ń lù kí n tó wọlé. Ìkẹjà ni ibi iṣẹ́ mi, Ìkòròdú ni ilé. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Maryland dé Mile 12 nírọ̀lẹ́ rí kò ní béèrè ohun tó dá mi dúró. Bí mo bá dé báyẹn, tí ebi ń pa àwọn ọmọ, tí ẹsẹ̀ ń ro mí, n kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ata kiri. Màá ṣí fírísà, màá yọ ọ̀rá kan tó pẹlẹbẹ bí ìwé, màá jù ú sínú abọ́ omi, màá gbé ìrẹsì kaná, màá lọ bọ́ aṣọ. Kí ìrẹsì tó jinná, ọbẹ̀ ti ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe é báyìí. Sátidé méjì lóṣù ni mo fi ń dáná ńlá. Láàárín ọ̀sẹ̀, mo kàn ń gbé nǹkan gbóná ni. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo kà á sí, bí òfì híhun. Ó lóhun tí ojú ń kọ́ níbẹ̀, ó lóhun tí etí ń kọ́, ó sì lóhun tí ọwọ́ máa ṣì ṣe kó tó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni, àmọ́ àkókò náà wà lára ohun tó ń pa ọbẹ̀, àkókò ló sì wọ́n jù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ Èkó.

Ìyá mi ò ní fírísà. Láàárọ̀, lálẹ́, wọ́n ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná kó má baà kan. Àwa ọmọ ni wọ́n máa ń rán sí i, bí ẹni tí wọ́n rán bá sì gbàgbé, ilẹ̀ á mọ́ tí ìfófó funfun á ti bo ojú ọbẹ̀. Àwọn tó ṣáájú wọn ń sá èlùbọ́, wọ́n ń sá ilá kó di orúnlá, wọ́n ń sá ata, wọ́n ń yan ẹja lórí ààrò títí tó fi gbẹ. Omi ni gbogbo wọn ń bá jà, torí ibi tí omi bá wà ni oúnjẹ ti ń bàjẹ́. Èmi tí mò ń lo fírísà náà, omi ni mò ń bá jà, ìdí ìkòkò ata sì ni ìjà náà ti le jù.

Kí aago méje tó lù ni mo máa ń wà ní Mile 12, nígbà tí wọ́n ṣì ń já apẹ̀rẹ̀ tòmátì lórí ọkọ̀ àjàgbé tó ti òkè Ọya dé. Èmi àti aládùúgbò mi méjì la jọ ń dáwó ra apẹ̀rẹ̀ kan, a ó pín in sílé. Èyí tó ti rọ̀ àmọ́ tí kò tíì jẹrà kì í bà mí lẹ́rù, torí ọjọ́ yẹn náà ló máa wọ ìkòkò, ó sì dínwó ju èyí tó le lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni tòmátì ń pọ̀, láti nǹkan bí Oṣù Kejìlá dé Oṣù Kẹta. Bí òjò bá ti wọlé tán, owó rẹ̀ á fò sókè. Ní 2016, kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pàjáwìrì. Ọdún yẹn ni mo mọ iyì ata tó wà nílé. Láti ìgbà náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń parí lọ, n kì í fi àyè sílẹ̀ nínú fírísà mi.

Tòmátì, tàtàṣé, àlùbọ́sà, ata rodo: mo máa ń sọ fún ẹni tó ń bá wa lọ̀ ọ́ pé kó má ṣe bu omi sí i, a ó dúró tì í kó má baà gbàgbé. Ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ni mo fi ń sè é, láìdé e. Tó bá kọ́kọ́ ń hó, ohùn rẹ̀ fúyẹ́, omi ni èèyàn ń gbọ́, á máa ta sára ògiri. Tó bá tó bíi wákàtí kan, ohùn náà á wúwo, á máa hó pọ̀tọ̀ pọ̀tọ̀ bí ẹ̀kọ. Ìgbà yẹn ni mo máa ń fi ṣíbí onígi fa ìsàlẹ̀ ìkòkò láti etí kan dé èkejì. Bí ata bá sáré padà wá bo ojú ọ̀nà tí ṣíbí là, ó kù. Bí ọ̀nà náà bá là sílẹ̀ tí kò tètè pàdé, omi ti tán nìyẹn. Àlùbọ́sà tí mo ti dín nínú òróró ni màá wá dà lé e. Á pariwo ṣàà, á sì rọlẹ̀. Màá máa rò ó títí kíkan tòmátì á fi kúrò lẹ́nu, tí òróró á yọ sójú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Ata tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, bí yìnyín bá yọ́ tán, omi á dá dúró, ata á dá dúró, kò sí adùn kankan níbẹ̀ mọ́.

Ọdún àkọ́kọ́, mo ṣe ohun tó dùn mí gan-an. Mo da ọbẹ̀ gbígbóná, pẹ̀lú ẹran tí mo fi owó ọ̀sẹ̀ méjì rà, sínú ike ńlá kan, mo dé e, mo gbé e sí fírísà, mo lọ sùn. Nígbà tí mo yọ ọ́ lọ́jọ́ kẹta, etí rẹ̀ le bí òkúta, àárín rẹ̀ ti kan. Ooru ti há sínú rẹ̀ lóru. Mo dà á nù, mo sì sunkún.

Láti ọjọ́ yẹn, inú agbada omi tútù ni mò ń gbé ìkòkò sí, màá máa rò ó kó lè tètè tutù, wákàtí méjì kì í kọjá kó tó wọ fírísà. Ṣíbí ńlá mẹ́ta ni mò ń bù sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n èèyàn mẹ́rin. Màá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, màá tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí tíréè. Tó bá dì tán, mo ń tò wọ́n ní ìnàró bí ìwé. Ìdí pàtàkì wà tó fi yẹ kó pẹlẹbẹ. Ará Amẹ́ríkà kan, Clarence Birdseye, dé Labrador, tó wà ní Kánádà báyìí, ní 1912, ó rí bí àwọn Inuit, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, ṣe ń pẹja tí òtútù ń sọ ọ́ di gbagidi lójú ẹsẹ̀, tó sì ń dùn bí ẹja tútù nígbà tí wọ́n bá sè é. Yìnyín tó bá rọra dì máa ń tóbi, á máa gún ara ẹja ya. Èyí tó yára dì máa ń kéré. Inú ìmọ̀ yẹn ni Birdseye ti ṣe ẹ̀rọ tó ń fi irin tútù há oúnjẹ láàárín. Èmi ò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ máa ń tètè dì.

Mọ́ínmọ́ín ewé ń wọ fírísà dáadáa. Bó ṣe le yẹn ni mò ń gbé e sórí omi gbígbóná padà. Ẹ̀wà sísè náà ń wọ̀ ọ́, láìsí ata. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni mo máa ń bọ̀, màá fún un, màá ṣù ú bí ọwọ́ ṣe mọ. Ẹyin sísè ò dáa níbẹ̀, funfun rẹ̀ á le bí rọ́bà. Ewédú ńkọ́? Ìṣẹ́jú mélòó ni ewédú ń gbà lórí iná tí èèyàn á fi máa tọ́jú rẹ̀ pamọ́?

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bẹ̀ wá wò nígbà kan, wọ́n rí mi tí mò ń yọ ọ̀rá. Wọ́n ní, “Ìyàwó, ṣé inú yìnyín lo ti ń bu ọbẹ̀ fún wọn nílé yìí?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n gbé e gbóná ná.” Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì sọ pé kò ta sánsán tó ti orí iná. Mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ, torí òtútù máa ń mú òórùn ọbẹ̀ lọ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ló jẹ́ kí n máa gé àlùbọ́sà tútù díẹ̀ sínú òróró, pẹ̀lú irú bíńtín, kí n tó da ata sí i. Ó ti wá yàtọ̀.

Iná ni ìṣòro tó kù. Fírísà tó kún, tí wọn ò bá ṣí i, lè mú oúnjẹ dúró fún nǹkan bí wákàtí 48 láìsí iná. Èyí tó kún ìdajì, nǹkan bíi 24. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń to omi ọlọ́rá sí gbogbo àyè tó bá ṣófo. Mo tún ní ife omi dídì kan níbẹ̀ tí mo gbé owó onírin lé lórí. Bí mo bá ti ìrìn àjò dé tí owó náà ti rì sísàlẹ̀ ife, mo mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ti yọ́ rí, bó ti wù kó le tó báyìí, n ò ní jẹ́ kí ọmọ kankan jẹ ẹ́. Òtútù kì í pa kòkòrò àìfojúrí, ó kàn ń mú wọn sùn ni.

Sátidé tó kọjá, ẹ̀yìnkùlé ni mo wà tí mò ń sá aṣọ nígbà tí ọmọ mi obìnrin ké láti ilé ìdáná pé, “Mọ́mì, ohùn rẹ̀ ti yí o!” Mo ní kó fi ṣíbí fa ìsàlẹ̀ ìkòkò wò. Ó dákẹ́ díẹ̀.

“Kò pàdé mọ́.”

Mo ní kó gbé àlùbọ́sà wá.