Àná Ta Ni Wọ́n Fi Hàn Wá?

Nígbà tí ohun ààfin Àgbómẹ̀ 26 tí ìjọba Faransé dá padà gúnlẹ̀ sí Kútọnú ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ìdùnnú náà kò mọ sí ìdílé ọba Àgbómẹ̀ nìkan. Àfihàn tí a fi wọ́n ṣe ní ààfin Ààrẹ ní Marina, láti oṣù Kejì ọdún 2022, kẹ́sẹ járí. Èrò wọ́ lọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ sì dúró lójúkojú pẹ̀lú ère Gezo, Glèlè àti Béhanzin fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn. Ẹni tó bá pe èyí ní ohun kékeré kò mọyì ohun tó sọnù.

Orúkọ àfihàn náà ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Iṣẹ́ ọnà Bẹ̀nẹ̀ láná àti lónìí ni wọ́n pè é. Apá ti òní gbòòrò: oríṣiríṣi oníṣẹ́ ọnà ìgbà tiwa ni wọ́n pè síbẹ̀, Romuald Hazoumè ọmọ Àjàṣẹ́ sì wà lára wọn. Apá ti àná ni ó há. Ààfin kan ṣoṣo ni ó dúró fún àná gbogbo orílẹ̀-èdè. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ogún aráyé ni, kò ríbi jókòó nínú àná yẹn.

Ẹ tún wo ìtẹ́ tí wọ́n ń pè ní ìtẹ́ Kana, tó wà lára àwọn 26 náà. Lókè, ọba wà lábẹ́ agboòrùn, àwọn ará ààfin yí i ká. Nísàlẹ̀, àwọn ẹrú tí a so pọ̀ ni agbẹ́gilére gbẹ́. Igi kò sọ ìlú wọn. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ Kétu tí yóò wo ìsàlẹ̀ ìtẹ́ yẹn tí kò ní rántí ọdún 1886, nígbà tí ogun Glèlè fọ́ ìlú, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀? Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn náà, ní 1892, ọmọ ogun Dodds wọ Àgbómẹ̀, wọ́n kó ìtẹ́, ère àti ilẹ̀kùn ààfin lọ. Ìṣubú Àgbómẹ̀ yìí kan náà ni ó jẹ́ kí àwọn ará Kétu rí ọ̀nà padà wá tún ìlú wọn tẹ̀ dó. (N kò pe Dodds ní olùgbàlà o; abẹ́ àsíá Faransé ni ó kó tilé toko sí.)

Ọdún tí ilé kan ń sunkún ni ilé kejì ń di ẹrù àtibọ̀wálé. Èyí gan-an ni ẹ̀kọ́ ọmọ ìlú tí àfihàn ìjọba lè kọ́ni, tí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kì í sáábà ráyè fún. Wọ́n ní kí gbogbo wa máa pe ìtẹ́ náà ní tiwa. A ó pè é bẹ́ẹ̀, nítorí àna àti aládùúgbò ni àwa àti Fọn. Ṣùgbọ́n kí a sọ fún wa pẹ̀lú bí àwọn tó wà nísàlẹ̀ ṣe débẹ̀.

Wọ́n ń kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun sí Àgbómẹ̀ fún àwọn ohun wọ̀nyí. Kí wọ́n gbé àwòrán ẹnubodè Akaba Ìdènà ti Kétu kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìtẹ́ Kana, kí wọ́n kọ 1886 sí abẹ́ rẹ̀, ní Fọn, ní Faransé àti ní Yorùbá.