Paul Nash àti Ẹrẹ̀ Ypres
Ní ìparí ọdún 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Paul Nash, ayàwòrán ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, padà sí ojú ogun Ypres ní Belgium. Ológun ló jẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àwòrán ni wọ́n ní kó wá yà.

Orí bébà búráùn ló ya púpọ̀ nínú wọn sí, ọgbọ́n ńlá sì ni: bébà náà ti di ẹrẹ̀ kí ọ̀dà tó kàn án. Á fi yíǹkì fa igi tí ọta ti gé lórí, á fi ṣọ́ọ̀kì tan ìmọ́lẹ̀, á fi ọ̀dà olómi fẹ́lẹ́ bo ihò tí bọ́ǹbù gbẹ́.

Kò sí òkú nínú ọ̀kan lára àwọn àwòrán náà, "Sunrise, Inverness Copse". Kùkùté àti òkìtì ilẹ̀ ni, síbẹ̀ ẹni tó bá wò ó á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní 1918, Nash fi ọ̀dà elépo tún àwòrán yìí yà.